Owó Tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbé Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Mọ́tò Iná àti Dráìfù

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníná ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ náà, tí wọn kò lè wá.)

  

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iná. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ iná mànàmáná ní ilẹ̀ wa yìí, èébú ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. N kò wá bú ẹnikẹ́ni lónìí. Ọ̀rọ̀ iná tí kò wá kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Iná tí ó ti wọlé dé ọ̀dọ̀ wa, tí mítà ti kà á, tí a óò sanwó rẹ̀, tí a sì ń dà á nù, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìyẹn? Ó kàn wá gidigidi. Nígbàkigbà tí a bá jókòó láti sọ̀rọ̀ owó oṣù, ohun tí àwọn alákòóso máa ń kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì ni ìwé owó iná. Ẹ rántí April 2024. Ní oṣù náà, NERC, àjọ ìjọba tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, sún owó yúníìtì kan fún àwọn tí ó wà ní Band A láti naira 68 sí naira 225. Ní oṣù May, wọ́n dín in kù sí naira 206 àti kọ́bọ̀ 80. Ní oṣù May kan náà ni NLC àti TUC kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti fi ẹ̀hónú hàn ní àwọn ọ́fíìsì iná. Ní July 2024, ìjọba fọwọ́ sí owó oṣù tí ó kéré jù lọ, ó kúrò ní naira 30,000, ó di 70,000. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Owó iná fò ní ìlọ́po mẹ́ta, owó oṣù kò tilẹ̀ pé ìlọ́po méjì ààbọ̀. Nítorí náà, yúníìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá dà nù ní ilé-iṣẹ́, nínú owó tí a ń jà sí ni ó ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, fáànù ńlá kan wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́ílà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí bọ́ílà náà ń fẹ́ lọ. Kí ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ṣe? Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà ní ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, tí a ń pè ní dáńpà. Wọ́n tì í dé àárín, wọ́n sì fi wáyà dè é mọ́ irin kí ó má baà ṣí. Mo bá a bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ń kọjá níwájú dáńpà yẹn tí n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe dé, tí wọ́n fi sí abẹ́ mi láti kọ́ṣẹ́, dúró níbẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ jù, kí ló dé tí a kò jẹ́ kí fáànù náà rọra yí, tí a fi ń dí i lẹ́nu?"

Èsì tí mo fún un ni pé, "Báyìí ni a ṣe bá a." Nígbà tí mo délé ni ojú tó tì mí. Ọmọ náà béèrè ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, mo fi ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ dá a lóhùn. Bí awakọ̀ kan bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, tí ó wá ń fi bíréèkì ṣe àkóso eré ọkọ̀, ṣé a kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀? Ohun tí a ń ṣe fún fáànù yẹn nìyẹn, tọ̀sán tòru.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí ń rìn ní títì. Mọ́tò iná ni, èyí tí ń yí fáànù, tí ń yí pọ́ǹpù, tí ń yí ẹ̀rọ ìlọ̀ àti bẹ́líìtì tí ń kó ẹrù. Ìwádìí kan tí IEA, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ agbára, tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé nínú iná mànàmáná 100 tí gbogbo ayé ń lò, ó ju 40 lọ tí àwọn ẹ̀rọ tí mọ́tò ń yí ń jẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dín owó iná ilé-iṣẹ́ kù, tí ó wá ń lé àwọn òṣìṣẹ́ kiri nítorí gílóòbù, ọ̀nà oko kọ́ ni ó gbà.

Irú mọ́tò tí ó pọ̀ jù ní ibi iṣẹ́ wa ni irú èyí tí Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1888. Mọ́tò náà dára, ó lágbára, kò sì lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: eré tí iná bá ní kí ó sá ni ó ń sá. Ẹ wo àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀. Ẹ óò rí 50 Hz níbẹ̀, ìyẹn ni pé iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ óò tún rí nǹkan bí 1,450, iye ìgbà tí yóò yí po ní ìṣẹ́jú kan. Bí iṣẹ́ pọ̀, bí iṣẹ́ kò pọ̀, nǹkan bí 1,450 náà ni. Ìdí nìyí tí a fi ń wá dáńpà àti fáàfù tí a óò fi fún un lọ́rùn.

Ẹ̀rọ tí ó yí ìwà yìí padà ni a ń pè ní dráìfù. Àwọn mìíràn ní ibi iṣẹ́ ń pè é ní ínfátà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ínfátà onìbátìrì tí ẹ gbé sí ilé o. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Èkíní, ó ń gba iná tí ń lọ tí ń bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di iná tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Èkejì, ó ń fi iná náà pamọ́ díẹ̀ sínú àwọn kapásítọ̀. Ẹ̀kẹta, ó ń gé iná náà wẹ́wẹ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi èyí tí ó gé ṣe iná tuntun fún mọ́tò, ní iye Hz tí a bá fẹ́. Bí a bá fún mọ́tò ní 40 Hz dípò 50, eré rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 80 nínú 100. Dráìfù náà yóò sì dín fóltì kù bákan náà, kí ara mọ́tò má baà gbóná. Ní 1968 ni ilé-iṣẹ́ Danfoss ti Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ fún títà. Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ láyé, ọ̀dọ̀ tiwa ni ó ti jẹ́ àlejò ní ọ̀pọ̀ ibi.

Èwo wá ni èrè rẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá pàápàá kò mọ̀ nìyí. Bí fáànù bá dín eré rẹ̀ kù láti 10 sí 8, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ yóò di 8. Ẹ óò rò pé iná tí ó ń jẹ náà yóò di 8. Rárá o. Ẹ wo ẹni tí ń wọ́ odò kọjá. Bí ó bá rọra ń lọ, omi kò yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá fẹ́ sáré nínú omi kan náà, omi yóò kọ̀ fún un, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ti fáànù. Tí eré bá lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń tì dín kù, agbára tí afẹ́fẹ́ náà fi ń kọ̀ fún un sì dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ ni pé kí ẹ fi eré lọ́nà ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10 jẹ́ 1,000. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 64 lọ́nà 8 jẹ́ 512. Ẹ rí i? Eré dín ní ìdá márùn-ún kan, agbára tí fáànù ń béèrè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì. Bí a bá dín eré kù dé ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára ni yóò kù.

Dáńpà kò lè ṣe èyí. Dáńpà ń dín afẹ́fẹ́ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì ń sá eré rẹ̀, iná tí ó ń jẹ kò sì dín ní nǹkan gidi.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe é, nítorí owó ni gbogbo wa ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú fáànù kan tí mọ́tò rẹ̀ ń jẹ kílówáàtì 30 bí ó bá ń fẹ́ ní kíkún. Iṣẹ́ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ 80 nínú 100, a fi dáńpà dín in kù, mítà sì fi hàn pé ó ṣì ń jẹ 27. Bí a bá fi dráìfù dín eré rẹ̀, yóò jẹ díẹ̀ lé ní 15. Dráìfù náà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a pè é ní 16. Kílówáàtì 11 ni a mú dúró. Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16 lójúmọ́, ní ọjọ́ 300 lọ́dún, yúníìtì 52,800 nìyẹn. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ naira 200, ó di naira 10,560,000 lọ́dún kan. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti 2024 jẹ́ naira 840,000 fún ẹnì kan lọ́dún. Nítorí náà, fáànù kan ṣoṣo, tí wọ́n fi wáyà de ẹnu rẹ̀, ń fẹ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ 12 dànù lọ́dọọdún, yóò sì tún ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ fún wa pé kò sí owó, inú afẹ́fẹ́ ni kí a lọ wá a.

Èrè mìíràn tún wà. Bí a bá tan mọ́tò láìsí dráìfù, tí ó gba iná lójijì, ó lè fa ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje iná tí ó ń jẹ nígbà tí ó bá ń sáré. Ẹ ti gbọ́ bí bẹ́líìtì ṣe máa ń ké, ẹ sì ti rí bí jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ń kérora. Dráìfù máa ń rọra gbé e dìde ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́líìtì ń pẹ́, béárìnì ń pẹ́, ariwo sì ń rọlẹ̀ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò kan wá fi dráìfù tàn wá pé ibi gbogbo ni ó yẹ. Mọ́tò tí ó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láti àárọ̀ di alẹ́ kò nílò rẹ̀. Iná tí dráìfù fúnra rẹ̀ ń jẹ yóò tún kún owó ni. Bẹ́líìtì tí ń kó ẹrù yóò jèrè díẹ̀, kò ní jèrè bíi fáànù. Pọ́ǹpù tí ń gbé omi lọ sí táǹkì gíga náà kò ní jèrè tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí a ti wù kí a rọra gbé omi tó, gíga tí yóò gùn kò yí padà. Bí fáànù kan bá sì wà tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ 80 nínú 100 ni a ń fẹ́ láti January dé December, púlì ni kí a pààrọ̀ kí eré rẹ̀ lọ sílẹ̀. Púlì kò tó dráìfù lówó rárá. Ibi tí iṣẹ́ ti ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù láàárín ọjọ́ kan náà ni dráìfù ti ń pa owó rẹ̀ padà. Kí a tó ra ohunkóhun rárá, kí a kọ́kọ́ dí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, kí a sì pa mọ́tò tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo fẹ́ parí ìtàn mi. Mo gbé ìbéèrè ọmọ yẹn lọ bá ọ̀gá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ra dráìfù. Ẹni tí ó tà á wá fi í sí ara ògiri ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, nínú ooru àti eruku, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìwé rẹ̀ pàápàá, inú dúrọ́ọ̀ máníjà ni wọ́n tì í mọ́. Ní oṣù kẹrin, ó jó. Oníná tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fún ní kúẹ́rì, wọ́n ní òun ni ó bà á jẹ́. Díẹ̀ ni ó kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni ó dúró tì í. A ní kí wọ́n ṣí i níwájú wa. Eruku ti dí fáànù kékeré tí ń fẹ́ ara dráìfù náà pátápátá. Nígbà tí wọ́n mú ìwé jáde, ohun tí a kà níbẹ̀ ni pé ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 40 sẹ́ńtígíréèdì lọ ni kí a gbé e sí. Wọ́n fa kúẹ́rì náà ya.

Wọ́n ra òmíràn, wọ́n gbé e sínú yàrá tí ó tutù, wọ́n sì rán oníná méjì lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó iná bọ́ílà wálẹ̀, àwọn ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà wá lọ béèrè ìpín tiwa. Wọ́n bi wá pé, "Níbo ni a kọ ọ́ sí?" A kò kọ ọ́ síbì kankan. A kò fi mítà wọn iná tí fáànù náà ń jẹ kí wọ́n tó fi dráìfù sí i, nítorí náà a kò lè fi ẹnu sọ iye tí a bá wọn mú dúró. Ọwọ́ òfo ni a bá padà. Ọjọ́ yẹn dùn mí ju ọjọ́ tí dráìfù jó lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀ka wa pé kí a gbé ohun márùn-ún wọ ìwé àdéhùn wa kí àwọn alákòóso tó ra dráìfù kan ṣoṣo.

Èkíní, kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ ṣáájú, kí a sì jọ fi mítà wọn iná tí mọ́tò náà ń jẹ, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Èkejì, kí a kọ́ àwọn oníná tiwa, ti iṣẹ́ ọ̀sán àti ti iṣẹ́ alẹ́, kí ìwé ẹ̀rọ náà sì wà níbi tí ọwọ́ wọn yóò ti tó o.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ń ṣí dáńpà, tí ń tì í, kí a kọ́ ọ ní iṣẹ́ tuntun.

Ẹ̀kẹrin, kí apá kan nínú owó tí a bá mú dúró wọ inú owó oṣù àti àjẹmọ́nú. Iye tí yóò jẹ́, orí tábìlì ni a óò ti sọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀yin oníná, bí ẹ bá pa iná dráìfù, kò tíì kú o. Àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ ń gbé iná tí ó tó fóltì 580 pamọ́ bí iná tí ń wọlé bá jẹ́ 415, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ dúró fún iye ìṣẹ́jú tí a kọ sí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń béèrè 5, àwọn ńlá ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí ń fi ọwọ́ kan fáànù àti bẹ́líìtì, a lè ti ṣètò dráìfù kan kí ó máa tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Nílẹ̀ wa tí iná ń lọ tí ń bọ̀ yìí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mọ́tò tí ó dákẹ́. Kí ilé-iṣẹ́ fún olúkúlùkù ní àgádágodo tirẹ̀, kí a ti iná pa, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní àpò ẹni tí ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe kí a tó tún pàdé. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ka iye dáńpà tí wọ́n fi wáyà dè àti iye fáàfù pọ́ǹpù tí a kì í ṣí tán. Ẹ kọ ibi tí ó wà àti kílówáàtì tí ó wà lára mọ́tò rẹ̀, ẹ mú un wá fún Akọ̀wé. Ìwé yẹn ni a óò gbé dání nígbà tí a bá tún wọlé lọ sọ̀rọ̀ owó oṣù. Bí wọ́n bá gbé ìwé owó iná sórí tábìlì, àwa náà yóò gbé tiwa sí i.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọ kékeré ni ó là mí lójú lórí fáànù yẹn. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá bi yín ní ìbéèrè lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn pé báyìí ni a ṣe bá a.